Nítorí Igbó Àdán Bàbá Rẹ

Dúró ọmọ mi,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun ọ̀nà jíjìn, okun àárín àwọn tí kò gbọ́ èdè ẹni.

Kọ́kọ́ mọ̀ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Tíṣà tó ń kọ́ àwa àgbà ní ìwé kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n wá jókòó kí òun bá mi kọ ọ́, kí ó lè dùn ún kà. Mo ní rárá. Bí ó bá bá mi kọ ọ́, ohùn tirẹ̀ ni wàá gbọ́. Bí ìlà mi bá wọ́ bí ọ̀nà ejò, tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀. Ejò náà ń dé ibi tó ń lọ.

Mo gbọ́ pé iṣẹ́ akọ̀wé ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́ ní Kàdúná, àti pé o ní tábìlì tìrẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo gbọ́ pé o ti rí ìyàwó, ọmọ Kírí, tí bàbá rẹ̀ ń kírun. Àwọn kan nínú ẹbí ti ń wo ojú mi bóyá n ó sunkún. Ojú wọn á fọ́ kí wọ́n tó rí i. Nílé tí wọ́n bí mi sí ní Ayewa, ẹni tó ń kírun àti ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì jọ ń jẹ nínú àwo kan náà ni. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ mọ̀ nípa ọmọ náà ni bóyá ó máa ń rẹ́rìn-ín. Ilé tí kò sí ẹ̀rín kò dára, Dúró. Mo mọ̀ ọ́n, inú rẹ̀ ni mo wà.

Ṣùgbọ́n ìròyìn kẹta, ẹnu rẹ kọ́ ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ.

Mo wà lóko, mo ń ro etí Igbó Àdán yí ká, bí a ti máa ń ṣe kí iná ọ̀gbẹlẹ̀ má bàa ráyè wọlé, nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá rẹ. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ń tẹ̀lé e bọ̀, ó gbé okùn kọ́ èjìká. Ọkùnrin náà kò kí mi. Ìdí ìrókò tó wà lẹ́nu ọ̀nà igbó ló gbà lọ tààrà, ó ń fọwọ́ gbá a lára bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù.

“Ìyá Dúró, ẹ kú ìnìkanwà,” ni Bàbá Kékeré wí.

“Ọkọ mi, ẹ kú ìrìn. Ta ni ẹni tó ń fọwọ́ pa igi olóko lára yìí?”

“Agégi ni. Bí odò bá ti fà, wọn óò kó ayùn wọn dé.”

“Kí wọ́n wá ṣe kí ni?”

“Háà! Ṣé Dúró kò sọ fún yín ni? Ó ti ránṣẹ́ sí mi. Ó ní kí a gé igbó yìí, kí a gbin kọfí sí i kí òun tó gbé ìyàwó wálé.”

Agégi náà wá dá sí i. “Ìyá, igi yìí dára o. Pákó inú rẹ̀ á kan ilé, á tún ṣẹ́ kù.”

Mo ní, “O ti kan ilé tán, o kò tíì kí onílé.”

Ó kí mi nígbà náà.

Bàbá Kékeré ní, “Ẹ má bá a jà. Kí lẹ tilẹ̀ ń ṣọ́ níbẹ̀? Iṣu kò sí níbẹ̀, àgbàdo kò sí níbẹ̀. Àdán lásán. Ṣé àdán ni yóò sin yín ni?”

“Ọkọ mi, bí àdán bá sin mí, kò ní í bá ọmọ mi pín ilẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó ní, “Ilẹ̀ yìí, ti Dúró ni. Ẹ̀yin, obìnrin tí a gbé wá ni yín.”

Òótọ́ ló sọ. Ìdí tó fi wọ̀ mí lára nìyẹn. Irọ́ kì í dunni tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ bàbá rẹ ni, ó sì ti di tìrẹ. Ẹnu rẹ nìkan ló lè dá ayùn dúró. Tèmi kò tó o. Mo ti gbé lórí ilẹ̀ yìí títí irun mi fi funfun, síbẹ̀ tèmi kò tó o. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó ti ìwé yìí, tí mo ń kọ ọ́ láti àárọ̀ tí ọrùn fi ń dùn mí. Ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ gbà ọ́. Mi ò bẹ̀ ọ́. O mọ̀ mí.

Ìkíní. Má lé ohun tí o kò tíì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Nígbà tí bàbá rẹ gbé mi wá láti Ayewa, òfì mi ni mo gbé tẹ̀lé e. A kì í bi ọmọ Ayewa léèrè bóyá ó mọ aṣọ hun. Nígbà náà, inú oko yìí gan-an ni a kọ́kọ́ gbé, nínú ahéré tí mo tún padà sí báyìí. Mo ran òwú, mo fọ̀ ọ́ funfun báláú, mo nà án síta lẹ́bàá igbó. Mo gbàgbé láti kó o wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tí àwọn àdán jáde, orí òwú mi ni wọ́n gbà kọjá. Ọ̀pọ̀tọ́ ni wọ́n ti jẹ. O mọ bí àwọ̀ rẹ̀ ti rí nígbà tó bá jáde ní ìdí wọn. Mo fọ òwú yẹn títí èékánná mi fi ń ta mí, kò mọ́.

Bàbá rẹ lọ sí Ìyàrá lọ́jọ́ kejì. Mo kó ata gbígbẹ tí a fi pamọ́, gbogbo rẹ̀. Mo kó ewé tútù lé e. Mo finá sí i lábẹ́ àwọn igi tí wọ́n ń so rọ̀ sí. Dúró, wọ́n tú jáde lọ́sàn-án gangan, ojú ọ̀run ṣú. Àwọn ìkókó wọn ń já bọ́. Àṣá ń gbé wọn lókè, àwọn ará oko ń fi igi pa wọ́n nísàlẹ̀. A jẹ ẹran àdán títí ó fi sú wa. Wọ́n ń pè mí ní Ìyàwó Ayewa Afata-lé-àdán. Mo ń gbọ́ ọ, orí mi ń wú.

Bàbá rẹ dé. Ó wo òkè.

“Àwọn dà?”

“Mo lé wọn. Wọ́n ba òwú mi jẹ́.”

“Àwọn ló bá wa níbí ni, àbí àwa la bá wọn?”

Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọyẹ́ dé, igi irú inú oko wa tanná. O mọ òdòdó rẹ̀, pupa, roboto, tó máa ń so rọ̀ bí yẹtí. Wọ́n pọ̀ lọ́dún náà débi pé ìyá ọkọ mi ti ń fọ ìkòkò tí yóò fi se irú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Mo gbá wọn lónìí, lọ́la wọ́n tún ti bo ilẹ̀. Èso kò dúró lórí wọn. Ìyá ọkọ mi jókòó sábẹ́ igi, ó gbé igbá òfìfo lé ẹsẹ̀, ó ń wò mí. Àwọn obìnrin oko tó yí wa ká, tí wọ́n ti yìn mí, ni wọ́n ń kọrin bú mi lójú odò: “Ìyàwó Ayewa, irú dà? Àbí o ti fi ata lé òun náà?” Ọbẹ̀ ilé wa di omi gbígbóná tí a fi iyọ̀ sí.

Mi ò sọ pé àdán ló ń bí irú. Mi ò kàwé débẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ fún ọ. Nígbà tí wọ́n wà, irú ń so. Nígbà tí wọn kò sí, irú kò so. Nígbà tí wọ́n sì padà, mo rí wọn lálẹ́ tí wọ́n rọ̀ mọ́ òdòdó yẹn, tí wọ́n ti ẹnu bọ̀ ọ́ bí ọmọ tó ń mu ọmú, irú sì so. Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà náà, mi ò sì ní í tọrọ rẹ̀ nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n mi ò tún fi ata jóná mọ́.

Bí wọ́n ṣe padà nìyí. Bàbá rẹ kò gbé ọ̀pá, kò pe ìpàdé. Ó kàn ń ro etí igbó náà yí ká ní gbogbo òpin òjò, kí iná má wọ ibẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ọ̀pọ̀tọ́. Àwọn èèyàn ń fi í ṣẹ̀sín pé ó ń ro oko tí kò gbin nǹkan kan sí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ro. Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, mo tilẹ̀ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ro ọkà lórí iná, ó pè mí síta. Mo ní kí ló dé. Ó nawọ́ sókè.

“Wò ó,” ni ó wí.

Àdán kan ni. Lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè mọ iye wọn mọ́. Ọkùnrin mìíràn ìbá ti fi ọ̀rọ̀ lù mí. Òun kò sọ ju “Wò ó” lọ. Mo padà sídìí ọkà mi, ó ti jóná. Mo bu ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò fún un. Bí a ṣe parí rẹ̀ nìyẹn.

Èkejì. Pín in, má kó gbogbo rẹ̀.

Má rò pé mo ti di ẹni tí kì í jẹ ẹran. Eyín mi tó kù ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Òfin bàbá rẹ ni pé ohun tó bá jáde wá sínú oko wa, tiwa ni. Ohun tó bá wà nínú igbó, ti ara rẹ̀ ni. Ọ̀yà tó jẹ àgbàdo wa, a jẹ òun náà. Ọjọ́ kan báyìí, a rí ẹtu kan tó ń jẹ ewé ẹ̀wà wa, ọ̀rá ti bò ó lára. Bàbá rẹ gbé ìbọn. Ẹtu náà fò, ó bọ́ sínú igbó, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń wò wá. Mo ní, “Yìn ín! Yìn ín! Ó dúró!” Ó sọ ìbọn kalẹ̀. “Ó ti wọlé,” ni ó wí, bí ẹni pé ilé àna rẹ̀ ni ẹran náà wọ̀. Mo bú u dé ahéré. Ẹ̀fọ́ òfìfo la jẹ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n títí ó fi kú, kò sí ọ̀gbẹlẹ̀ kan tí oko wa kò ní ẹtu, nígbà tí àwọn tó ń sun igbó tiwọn ṣọdẹ ń rìn dé ẹ̀yìn Ẹ̀gbẹ̀ kí wọ́n tó gbúròó ẹran.

Ẹ̀kẹta. Igbó ọba ní ẹ̀ṣọ́, ó ní fìlà, ó ní ìwé òfin. Igbó tiwa kò ní nǹkan kan, àfi ẹnu ẹni tó ni ín àti ọkọ́ ẹni tó ń ro etí rẹ̀. Bí ẹnu yẹn bá sọ pé “ẹ gé e”, ó tán. Ọba kò ní í mọ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí o rò dáadáa lórí tábìlì rẹ. Ohun tó jẹ́ tẹni pátápátá, òun ló rọrùn jù láti bà jẹ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò bi wá léèrè. Bàbá rẹ bi ara rẹ̀ léèrè. Èmi pẹ̀lú ti ń bi ara mi, ó pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ìwọ náà bẹ̀rẹ̀.

Mi ò mọ èyí tó kàn mọ́, jẹ́ kí n ṣáà máa sọ ọ́.

Ti kọfí. Mi ò bá kọfí jà. Àwọn tó gbìn ín ń jẹun níbẹ̀, mo rí wọn. Ṣùgbọ́n o kò dé oko láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ, o sì ti gbàgbé pé ilẹ̀ iṣu àtijọ́ wà lódì kejì odò, tí a ti fi sílẹ̀ tó ti sinmi, tó dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Gbin kọfí rẹ síbẹ̀. Dá àwọn igi ńlá tó wà níbẹ̀ sí, kí wọ́n ṣíji bò ó. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, wàá ní kọfí, wàá ní igbó, odò náà á sì máa rí ibi tútù sùn. Ẹni tó bá pa adìyẹ nítorí ẹyin, ọjọ́ kan ṣoṣo ni yóò fi jẹun.

Ti ìyàwó rẹ. Ilẹ̀ lè jẹ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde nínú rẹ̀, ọwọ́ obìnrin ló ń sọ ọ́ di ọbẹ̀. Ta ló ń ṣa irú? Ta ló ń pọn omi odò yẹn? Èlú tí mo fi ń pa òwú láró, etí igbó yẹn ni mo ti ń já ewé rẹ̀. Bí o bá fẹ́ yí nǹkan tí ìyàwó rẹ ń fi gbọ́ bùkátà padà, òun ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, kí o tó sọ fún ọkùnrin kankan. Má jẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo ti tọ́ èyí wò. Ó korò.

O lè sọ pé ìyá mi kò mọ̀wé, ta ni n bá kọ ọ́ sí? Ṣé o ti wá rí i pé mo mọ̀ ọ́n díẹ̀?

Àwọn tó ṣáájú rẹ kò dúró. Ìdí tí a fi sọ ọ́ ní Dúró nìyẹn. Mo ń pe orúkọ náà bí ẹni ń gbàdúrà, o sì dúró lóòótọ́. Ibi tó jìn lo wá dúró sí. Mi ò bínú. Mo rán ọ lọ sí ilé ìwé fúnra mi, mo nà ọ́ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá rẹ lọ, mo gbìyànjú láti gbé nínú ilé ńlá ní Kàbà. Èèyàn kún ibẹ̀. Wọ́n ń kí mi láàárọ̀, wọ́n ń kí mi nírọ̀lẹ́, láàárín méjèèjì kò sí ẹni tó ń bi mí ní nǹkan kan. Mo kó ẹrù mi padà sóko. Wọ́n ní ìyá arúgbó ti ya olóríkunkun. Mo ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí wọn. Níbí, ó kéré tán, nírọ̀lẹ́, àwọn kan wà tó ń jáde nílé tí mo mọ ìgbà tí wọn óò padà. Àwọn àgbà ní àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ gbogbo. Ó ń wo ìṣe tèmi náà. Mo máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. Má sọ ọ́ fún tíṣà.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kọ̀wé sí Bàbá Kékeré kí odò tó fà. Kọ ọ́ ní ìlà kan ṣoṣo pé kí wọ́n má fọwọ́ kan Igbó Àdán, àti pé kí wọ́n ro ilẹ̀ òdì kejì odò fún kọfí. Bọ̀wọ̀ fún un nínú ìwé náà, bàbá rẹ ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ó ṣe kedere. Bí o bá sì lè wá fúnra rẹ, wá, kí o fọwọ́ kan ìrókò yẹn kí o tó ní kí wọ́n gé e. Nítorí igi ni mo ṣe ní kí o wá. Mi ò ní nítorí mi.

Kí ó má bàa yà ọ́ lẹ́nu, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti ṣe fún ọ. Mo ti gbé òfì mi kúrò nínú ahéré. Ẹnu ọ̀nà igbó ni mo rì í mọ́, lábẹ́ ìrókò náà gan-an. Bàbá Kékeré rí i, ó ní, “Ìyá Dúró, kí lèyí?” Mo ní, “Ọkọ mi, aṣọ ìyàwó wa ni mo ń hun. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé a kì í gbé òfì tí aṣọ ìyàwó wà lórí rẹ̀ kúrò lójú kan títí yóò fi parí.” Ó wo òfì, ó wò mí, ó ní, “Ìgbà wo ni yóò parí?” Mo ní, “Ó kù sọ́wọ́ ọkọ ìyàwó.” Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí, ó lọ.

Aṣọ náà dára, Dúró. Òwú aró ni mo fi hun ún, mo fi pupa là á láàárín. Àwọn ará òkè ti rọ̀jò ọ̀pọ̀tọ́ sí i lára. Mo nù ú, ó kù bí ojú ẹyẹ. Mi ò bínú mọ́. Bí ìyàwó rẹ bá rí ojú ẹyẹ yẹn, sọ fún un pé àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ sí i. Ó kù díẹ̀ kí ó parí. Bí mo bá hun ún lọ́sàn-án, mo ń tú díẹ̀ nínú rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mi ò ní í gé e kúrò lórí òfì títí n ó fi gbọ́ ohùn rẹ.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi kò dé. Kí iṣẹ́ rẹ má ṣe gbé ọ jìnnà ju bí o ti jìnnà yìí lọ.

Èmi ni, ìyá rẹ, ọmọ Ayewa, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Mo ti fẹ́ pa ìwé náà dé, mo tún ṣí i. Oòrùn ń wọ̀. Wọ́n ti ń jáde báyìí, láti orí ìrókò, wọ́n ń gba orí odò lọ síhà igi irú. Mo gbé ọwọ́ sókè láti nà án sí wọn. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, kò sí ẹni tí n ó fi hàn.

Ìwọ ni mo wá ń fi hàn láti ibí, Dúró. Wò ó.